Kí ló dé tí pòtétò inú fìríìjì fi ń dúdú nínú òróró?

Alásè Tuntun:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Mo ra pòtétò díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń kó o wá láti Jos. Mo kó ìdajì rẹ̀ sínú fìríìjì kí ó má baà bàjẹ́, mo sì kó ìyókù sínú abọ́ lẹ́bàá fèrèsé ilé ìdáná. Nígbà tí mo dín ti fìríìjì lánàá, ẹ̀yìn rẹ̀ ti dúdú kí inú tó jinná, ó sì ń dùn lẹ́nu bí ọ̀dùnkún. Ti ẹ̀bá fèrèsé ti di aláwọ̀ ewé lápá kan, bí ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n. Ọ̀dùnkún kì í ṣe mí báyìí, bẹ́ẹ̀ mo rò pé ẹbí kan náà ni wọ́n. Ìyá mi tí ó ní àtọ̀gbẹ náà ń béèrè bóyá òun lè jẹ ẹ́.

Bàbá Olóko:
Wọn kì í ṣe ẹbí rárá, orúkọ ni ó pa wọ́n pọ̀. Àwọn Òyìnbó ni wọ́n kọ́kọ́ da orúkọ náà rú: "batata" ni àwọn ará erékùṣù Kàríbíánì ń pe ọ̀dùnkún, "papa" sì ni àwọn tí ń sọ èdè Quechua lórí òkè Andes ń pe pòtétò, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará Sípéènì kó méjèèjì dé Yúróòpù, orúkọ ọ̀kan ya lu èkejì. Ti "Irish" tí wọ́n fi kún un kò tilẹ̀ sọ ibi tí ó ti wá. Ìtòsí adágún Titicaca, láàrin Peru àti Bolivia òde òní, ni wọ́n ti ń gbìn ín láti ohun tí ó lé ní 7,000 ọdún. Àwọn ará ibẹ̀ a máa tẹ́ ẹ síta kí òtútù òru sọ ọ́ di yìnyín, wọn a fi ẹsẹ̀ tẹ omi inú rẹ̀ dànù, wọn a sì sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ bí èlùbọ́. Chuño ni wọ́n ń pè é, ó sì lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìdílé tòmátì, ata àti ìgbá ni pòtétò wà, àrùn kan náà sì ń pa òun àti tòmátì. Àrùn yẹn, Phytophthora infestans, ni ó wọ oko àwọn ará Ireland ní ọdún 1845, tí nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn fi kú, nítorí tálákà ibẹ̀ kò ní oúnjẹ mìíràn tí ó gbára lé.

Ìtì rẹ̀ tí ó wú sábẹ́ ilẹ̀ ni a ń jẹ, kì í ṣe gbòǹgbò bíi ti ọ̀dùnkún. Ìdí nìyẹn tí ìmọ́lẹ̀ fi ń sọ ọ́ di aláwọ̀ ewé. Àwọ̀ náà kò burú fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n oró tí a ń pè ní solanine máa ń pọ̀ sí i níbẹ̀, iná kò sì ràn án. Ẹ gé e kúrò jìnnà. Bí ó bá pọ̀ tàbí tí ó korò, ẹ dà á nù. Ní ti fìríìjì, òtútù ni ó ń sọ sítáàsì di ṣúgà, ṣúgà náà ni ó sì ń dúdú nínú òróró.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì:
Màmá lè jẹ ẹ́, kí ó má ṣáà pọ̀. Gíráàmù 100 pòtétò bíbọ̀ ní nǹkan bí kálórì 87, ó kéré sí ti iṣu, ó sì ní fítámì C àti potassium. Ṣùgbọ́n ó máa ń tètè di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ẹ̀fọ́ ni kí ó pọ̀ jù nínú àwo wọn.

Ìyá Oníbúkà:
Ọmọ mi, kó wọn jáde sínú agbọ̀n, kí o fi àpò bò wọ́n níbi tí kò ní ìmọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ṣúgà náà yóò ti dín kù. Bí o bá gé e, fi omi ṣàn án títí omi kò fi ní funfun mọ́, kí o nù ún gbẹ kí ó tó kan òróró. Bí àsáró ni, jẹ́ kí ó rọ̀ kí o tó da ata àti tòmátì sí i, nítorí kíkan tòmátì kì í jẹ́ kí ó tètè rọ̀.

Alásè Tuntun:
Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣeun, bàbá. Mo ti kó wọn sábẹ́ tábìlì. Mẹ́ta ti hu, ṣé mo lè gbìn wọ́n sẹ́yìnkùlé wa n'Íbàdàn?

Bàbá Olóko:
Yóò hu, ṣùgbọ́n òru tútù ni ó ń jẹ́ kí ó ta dáadáa, ìyẹn ni Jos, tí ó ga ju mítà 1,000 lọ, fi gbà á. Ewé ni ẹ ó rí jù níbí, ẹ má sì sè é bí ẹ ṣe ń se ewé ọ̀dùnkún, oró ni.