Ọmọ mi ọkùnrin ń sunkún sí fíìmù, bàbá ẹ̀ ní kó jáwọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àkànní:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni mo gbé wá síwájú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Àkànní. Ó ń ṣe dáadáa nílé-ìwé, ó sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá gbá a ṣubú lórí pápá, á dìde, á gbọn eruku ara ẹ̀ nù, eré ń lọ. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀rọ̀ ìtàn tàbí fíìmù, kì í lè mú un mọ́ra. Bí mo bá ń pàlọ́ fún òun àti àbúrò ẹ̀, tí mo dé ibi tí ọmọ òrukàn ti ń fi orin pe ìyá ẹ̀, ojú ẹ̀ á ti kún. Á kọjú sógiri kí n má baà rí i.

Ní Sátidé tó kọjá, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin gbé fíìmù Hachi sí tẹlifíṣọ̀n, èyí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 2009, tí ajá kan ti ń lọ dúró de ọ̀gá ẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin lójoojúmọ́, tí ọ̀gá náà sì ti kú síbi iṣẹ́. Àwọn tó kù wò ó, wọ́n ní ó mà ga o, wọ́n bá tiwọn lọ. Àkànní kò lè jẹun alẹ́. Ó jókòó ti ẹ̀bà, epo ti dì lójú ọbẹ̀, ó ń fa imú, omijé ń kán sínú àwo. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá ẹ̀ wọlé bá a. Ó ní, "Ta ló kú?" Ọmọ ní ajá ni. Ọkọ mi kì í ṣe oníjàgídíjàgan, kò nawọ́ sí i, ṣùgbọ́n ariwo tó pa, àwọn ará ìsàlẹ̀ gbọ́. Ó ní ọkùnrin kì í sunkún, pé bó bá tún dán an wò, ó ti wo tẹlifíṣọ̀n tán nílé òun. Àbúrò ọkọ mi tún wá ń sọ pé ká tètè fi ọmọ sí bọ́ọ̀dìn kí ara ẹ̀ lè le.

Ṣé àìsàn ni ẹ̀yin ará? Ṣé kí n máa ká irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kúrò nílẹ̀ fún un? Báwo ni mo sì ṣe máa bá bàbá ẹ̀ sọ ọ́, tí kò fi ní sọ pé èmi ni mò ń kẹ́ ọmọ bà jẹ́?

Bàbá Ìbejì:
Ìyá Àkànní, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọkọ yín kò jẹ̀bi tán. Ayé tí ọmọkùnrin ń wọ̀ yìí kò rọ̀. Bó bá dé kíláàsì tó ń sunkún nítorí ajá, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á fún un lórúkọ, orúkọ náà á sì tẹ̀lé e dé sẹ́kọ́ńdírì. Ó ti ṣojú mi rí. Kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò. Ariwo yẹn ni mi ò fọwọ́ sí. Kó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó bá a sọ̀rọ̀. Ti bọ́ọ̀dìn, ẹ má gbà á rárá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kì í ṣe ẹni à ń lé kúrò nílé.

Ọmọ Ọdẹ Ìṣẹ́yìn:
Bàbá Ìbejì, mo bọ̀wọ̀ fún yín sà, àmọ́ ọ̀rọ̀ pé ọkùnrin kì í sunkún yìí, mi ò mọ ibi tá a ti rí i. Ọmọ ọdẹ ni mí. Bí ọdẹ bá kú lọ́dọ̀ wa, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á ṣe ìṣípà fún un, wọ́n á sun ìrèmọ̀jé, ìyẹn ewì tí àwọn ọdẹ fi ń dárò ọdẹ tó kú. Mo wà níbi ìṣípà bàbá mi. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ ń dẹ̀gbẹ́ láti ìgbà èwe ló ń sun ún, ọkùnrin tó ti dúró de ẹfọ̀n nínú igbó rí. Nígbà tó dé ibi tó fẹ́ dárúkọ ìdí igi tí àwọn méjèèjì máa ń pàdé sí kí wọ́n tó wọgbó, ohùn há mọ́ ọn lọ́fun. Ó gbé orí lé ẹnu ìbọn, èjìká ẹ̀ ń mì. Ẹni tó jókòó tì í gba ohùn lẹ́nu ẹ̀, ó ń bá a lọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé.

Àwọn obìnrin náà ní tiwọn. Ìyàwó tó ń lọ sílé ọkọ á sun ẹkún ìyàwó níwájú bàbá àti ìyá ẹ̀, á dárò bó ṣe ń fi ilé sílẹ̀, á dúpẹ́, á gba àdúrà. Wọ́n ti máa ń kọ́ ọ kí ọjọ́ tó pé. Àwọn baba wa kò fi ẹkún ṣe àbùkù. Ìgbà tí wọ́n á sun ún àti ibi tí wọ́n á ti sun ún ni wọ́n mọ̀. Òun ló yẹ ká kọ́ Àkànní.

Alfa Àdúgbò:
Salaam alaikum. Èmi náà fẹ́ fi tèmi kún un. Nígbà tí Ibrahim ọmọ Ànábì ń kú lọ, omijé dà lójú Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a). Wọ́n bi í léèrè, ó ní àánú ni. Ó ní ojú ń da omi, ọkàn bàjẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kò ní sọ ju ohun tí Olúwa yọ́nú sí. Ta ló wá tún kù tó máa sọ pé ọkùnrin kì í sunkún? Ẹ fi èyí bá ọkọ yín sọ̀rọ̀, mà. Tó bá jẹ́ onígbàgbọ́ ni, ó wà nínú Bíbélì tiwọn náà pé Jésù sọkún.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta:
Kì í ṣe àìsàn, Ìyá Àkànní. Ẹ̀yà ara kékeré kan wà lókè ẹyinjú, lápá ọ̀dọ̀ etí, tó ń sun omijé. Omi náà ń fọ ojú nígbà gbogbo, a kì í mọ̀ ni. Àlùbọ́sà máa ń mú un pọ̀ sí i, ìbànújẹ́ àti ayọ̀ náà máa ń mú un pọ̀ sí i. Ihò tíntìntín méjì wà ní kọ̀rọ̀ ojú lápá imú, ibẹ̀ lomi náà ń gbà lọ sínú imú, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń sunkún fi ń fa imú. Ọmọ tuntun pàápàá, ariwo nìkan ló ń pa ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan àkọ́kọ́, omijé kì í tíì jáde.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣọ́ ni èyí: bó bá ń sunkún láìsí ìdí, tí kò sùn, tí kò jẹun, tí kò fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù tó fẹ́ràn mọ́, tó sì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ gbé e wá kí dókítà rí i. Ọmọ tó sunkún sí fíìmù, tó jí lọ́jọ́ kejì tó lọ gbá bọ́ọ̀lù, ara ẹ̀ dá.

Abíyamọ Tuntun:
Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú pé mo já wọlé. Èmi náà rèé, láti ìgbà tí mo ti bímọ, ìpolówó ọṣẹ lórí rédíò ń pa mí lẹ́kún. Lánàá, ìyá ọkọ mi kàn bu omi gbígbóná wá fún mi, mo bú sẹ́kún. Ṣé ó dáa báyìí?

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta:
Ẹ kú ewu ọmọ o. Ó wọ́pọ̀ gan-an lẹ́yìn ìbímọ, ó sì máa ń lọ fúnra ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tàbí tí ẹ kò fẹ́ rí ọmọ sójú, ẹ lọ sí kílíníìkì tẹ́ ẹ ti bímọ, ẹ sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí. Bí ẹ bá sì ń ro àtiṣe ara yín tàbí ọmọ léṣe, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ sọ fún ẹni tó wà nílé, kí ó gbé yín lọ.

Àyìnlá ní London:
Ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún ni mí. Ìyá mi fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láàárọ̀ ọjọ́ ìbí mi, ó ń fi oríkì kí mi, ó pe Àyìnlá, ó wá ń ka ìran bàbá mi lọ rẹrẹ. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà ní Peckham. Mo ní láti sọ̀ kalẹ̀ kí n tó dé ibi tí mò ń lọ, mo dúró ti ògiri ṣọ́ọ̀bù kan, mo sunkún mi. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà sunkún, mà. Ẹni tí ìtàn kò bá wọ̀ lára, kí ló kù tó máa wọ̀ ọ́ lára?

Àǹtí Risi:
Ìyá Àkànní, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti jáde. Ẹ jẹ́ n bi yín: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ẹnì kan kú nílé, àbí ẹnì kan rìnrìn-àjò tí kò tíì dé? Kí ló sọ lẹ́yìn fíìmù náà?

Ìyá Àkànní:
Àǹtí Risi, ìbéèrè yín yìí jẹ́ kí n dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Bàbá ọkọ mi kú ní èyí tó lé díẹ̀ lọ́dún kan. Àwọn ló máa ń mú Àkànní lọ sílé-ìwé, tí wọ́n á tún lọ mú un bọ̀. Nígbà tí wọ́n kú, àwọn ẹbí ní ká má sọ fún ọmọdé, pé ká ní Bàbá àgbà rìnrìn-àjò. Wọn ò mú àwọn ọmọ lọ síbi ìsìnkú. Àkànní béèrè, ó béèrè, nígbà tó yá kò béèrè mọ́. Àfi lálẹ́ Sátidé yẹn, nígbà tí mo fẹ́ paná, ó ní, "Mọ́mì, ṣé kò sẹ́ni tó lè sọ fún ajá yẹn pé ó ti kú ni?"

Àǹtí Risi:
Ọ̀rọ̀ ajá kọ́ nìyẹn, mà. Ọmọ tí wọ́n sọ fún pé ẹni tó fẹ́ràn rìnrìn-àjò á máa retí ni, ẹ̀ ń gbọ́? Bó bá sì ti ń gbọ́n, á ti máa fura, kò kàn ní ẹni tó máa bi ni. Fíìmù ló wá gbé e jáde. Ẹ má ká fíìmù kankan kúrò nílẹ̀. Ẹ sọ fún un. Ẹ pè é ní ikú, ẹ má pè é ní oorun, ẹ má pè é ní ìrìn-àjò, torí ẹ̀rù oorun á tún máa bà á. Bàbá ẹ̀ ló sì yẹ kó sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ lọ síbi tí wọ́n sin Bàbá sí.

Olùkọ́ Ìtàn:
Ẹ jẹ́ n fi èyí kún un, kí bàbá ẹ̀ lè rí ohun bá a sọ. Ìtàn ajá yẹn ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ní Tokyo. Hachikō lorúkọ ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ueno tó ni ín kú níbi iṣẹ́ ní 1925, ajá náà sì ń lọ sí ibùdókọ̀ Shibuya títí tó fi kú ní oṣù kẹta 1935. Nígbà tí ìwé ìròyìn gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀ jáde, àwọn èèyàn ń gbé oúnjẹ wá fún un níbẹ̀. Wọ́n mọ ère ẹ̀ ní 1934, ajá fúnra ẹ̀ wà láyé. Wọ́n yọ́ ère náà nígbà ogun, wọ́n sì mọ òmíràn ní 1948, ó wà níbẹ̀ dòní. Àkànní nìkan kọ́ ni ajá yìí pa lẹ́kún. Ẹ jẹ́ kó mọ̀.

Bàbá Ìbejì:
Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ìyá Àkànní, ọkọ yín náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sin bàbá ẹ̀ ni, òun náà ní tirẹ̀ lọ́kàn. Ẹ má bá a jà. Ẹ sọ fún un pé ọmọ náà ń wá bàbá àgbà. Èmi ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi pé kí wọ́n kọ́ ọ bó ṣe máa ṣe níwájú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n nílé, níwájú bàbá ẹ̀, kó sunkún ẹ̀ tán. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Ìyá Àkànní:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará mi. Mo ti bá bàbá ẹ̀ sọ ọ́ lálẹ́ àná, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti sùn. Mo kàn sọ ohun tí Àkànní bi mí ni. Kò dáhùn títí. Nígbà tó yá, ó béèrè ìgbà tí wọ́n máa gba ìsinmi, ó ní àwọn á jọ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, inú ọgbà ilé la sin wọ́n sí. Kò tún dárúkọ bọ́ọ̀dìn. Àǹtí Risi, àbúrò ẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin ńkọ́, ṣé kó bá wọn lọ?

Àǹtí Risi:
Kó lọ, ẹ̀yin náà ẹ bá wọn lọ. Ti àbúrò, ọ̀rọ̀ kúkúrú ti tó, bó bá tún béèrè, kẹ́ ẹ tún un sọ. Ṣùgbọ́n kí Àkànní àti bàbá ẹ̀ kọ́kọ́ dá lọ síbẹ̀ kí gbogbo ilé tó dà wọ́n lágbo.