Kérésìmesì kò nílò orúkọ mìíràn, ṣùgbọ́n Befana kì í ṣe àjẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ ìwé tí a jọ ń kọ fún àwọn ọmọ wa lórí bí oríṣiríṣi ìlú ṣe ń ṣọdún Kérésìmesì. Mo ti ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní kí a yọ "Kérésìmesì" kúrò nínú ìwé náà pátá, kí a fi "Ọdún Ìbí Jésù" rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ àyálò ni, àti pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ orúkọ Kristi nínú rẹ̀ mọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ kí iṣẹ́ tó dé ọwọ́ atẹ̀wé.

Ọ̀rọ̀ wa "ọdún" ní ìtumọ̀ méjì. Oṣù méjìlá ni, àjọ̀dún náà sì ni. Bí "ìbí" bá ti tẹ̀ lé e, ti oṣù méjìlá ló kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn: ẹni tí a bá bi léèrè ọdún ìbí rẹ̀, nọ́ńbà ni yóò dárúkọ. Ẹ wá wo àkọlé orí kẹta ìwé wa bí a bá gba àbá yìí: "Ọdún Ìbí Jésù ní Jápáànì". Ọmọ tó bá kà á yóò rò pé Jápáànì ni wọ́n bí Jésù sí, pé ọdún tí wọ́n bí i la fẹ́ sọ.

Ọ̀rọ̀ Jápáànì yìí tún tọ́ sí àlàyé díẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn níbẹ̀, ekukáká la fi lè rí ẹyọ kan tó jẹ́ Kristẹni. Ọjọ́ 25 oṣù kejìlá kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi, àwọn èèyàn ń lọ síbi iṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24 ló jẹ́ ti àwọn olólùfẹ́, àwọn ẹbí á sì ra kéèkì funfun tí wọ́n to sitirọ́bẹ́rì pupa sí lórí. Láti 1974 tí ilé iṣẹ́ Kentucky ti polówó adìyẹ díndín gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ ọjọ́ náà, ó ti di àṣà débi pé wọ́n ń sanwó rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Ta ni nínú wa tó lè pe èyí ní ìbí Olúwa? Àwọn fúnra wọn ń pè é ní "Kurisumasu". Ẹ pè é jáde: ku-ri-su-ma-su. Ẹ wá pe tiwa: ké-ré-sì-me-sì. Sílébù márùn-ún, sílébù márùn-ún. Èdè méjì tí kò fẹ́ràn kí kọ́ńsónáǹtì méjì fara kan ara wọn yá ọ̀rọ̀ kan náà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi fáwẹ̀lì tún un ṣe. Èdè wa ló ṣe iṣẹ́ yẹn, kì í ṣe ìgbìmọ̀ kankan. Ọ̀rọ̀ tí iyá wa lọ́jà àti awakọ̀ wa fi ń kí ara wọn ti di tiwa.

Ní ti pé orúkọ Kristi ti sọnù nínú rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tó ni ọ̀rọ̀ náà kò gbọ́ "Mísà" nínú rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ "Mísà Kristi" ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Mo gbà pé àwọn mìíràn fi ìbí sọ orúkọ tiwọn: Navidad lẹ́nu àwọn ará Sípéènì, Natal lẹ́nu àwọn ará Bràsíl, àwọn ará Pólándì tilẹ̀ ń sọ pé Boże Narodzenie, ìyẹn Ìbí Ọlọ́run. Ẹni tó bá fẹ́ sọ "Ìbí Olúwa" nínú ìwàásù, kó máa sọ ọ́. Ìwé tí a fẹ́ fi sọ̀rọ̀ gbogbo ayé ni mo ń sọ.

Ṣùgbọ́n a ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Nínú ohun tí a ti kọ sílẹ̀, gbogbo ẹni tó bá ti pín ẹ̀bùn la sọ di "Bàbá Kérésì", àfi ìyá kan ṣoṣo, Befana ti ilẹ̀ Ítálì, tí a pè ní "àjẹ́ tó ń gun ìgbálẹ̀". Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká pa èyí rẹ́ lónìí. Arúgbó ni Befana, ó wé gèlè, aṣọ rẹ̀ ti gbó. Òru tí yóò mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù kìíní ló máa ń wá, tí yóò kó suwíìtì sínú ìbọ̀sẹ̀ àwọn ọmọ. Ọmọ tó bá ya ìpáǹle, èédú ni yóò bá níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣúgà tí wọ́n pa láró dúdú ni èédú ọ̀hún láyé òde òní. Ìtàn tí wọ́n ń pa ni pé àwọn amòye tó ń wá Jésù lọ ní kó bá àwọn ká lọ, ó ní òun ń tọ́jú ilé lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ó gbéra, kò bá wọn mọ́, láti ìgbà náà ló ti ń ti ilé dé ilé bóyá yóò rí ọmọ náà, tó sì ń fi ẹ̀bùn sílẹ̀ fún ọmọ tó bá bá. Ẹ ò rí i pé ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi ń gbálẹ̀ ni ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀? Nílẹ̀ wa, bí a bá pe arúgbó obìnrin ní àjẹ́, ẹ̀sùn ni, a sì mọ ohun tí ẹ̀sùn yẹn ti fi ojú àwọn ìyá wa rí. Mi ò fẹ́ kí ọmọ kankan ti inú ìwé wa kọ́ ọ. "Ìyá Àgbà Befana" ni mo dábàá.

Sinterklaas ti àwọn ará Họ́láńdì kò le rárá. Bíṣọ́ọ̀bù ni, ó dé fìlà gíga, ó mú ọ̀pá dání, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 5 oṣù kejìlá sì ni tirẹ̀. Nicholas, bíṣọ́ọ̀bù Myra ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Tọ́kì lónìí, ni wọ́n ń rántí. Ara orúkọ rẹ̀ ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti yọ Santa Claus. Bí a bá pe àwọn méjèèjì ní Bàbá Kérésì, ọmọ kò ní mọ èwo ló ti ara èwo jáde. "Bíṣọ́ọ̀bù Nicholas" ti tó.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí dáadáa ni ọjọ́ 6 oṣù kìíní ní Sípéènì àti àwọn ilẹ̀ tó jọba lé lórí. Ọjọ́ yẹn ni ọba mẹ́ta tó gun ràkúnmí ń pín ẹ̀bùn, àwọn ọmọ á ti kó bàtà wọn síta láti alẹ́. Àǹtí wa tó túmọ̀ orí yìí pè é ní "Ọjọ́ Àwọn Amòye", wọ́n sì ní Mátíù orí kejì lẹ́rìí: amòye ni Bíbélì wí, kò pe wọ́n ní ọba, kò sì sọ pé mẹ́ta ni wọ́n. Òótọ́ ni. Níbi tí a bá ti ń sọ ìtàn Mátíù, kí amòye dúró. Ṣùgbọ́n Día de Reyes, Ọjọ́ Àwọn Ọba, ni àwọn tó ni ọjọ́ náà ń pè é, àti ní Havana, olú ìlú Kúbà, a ò lè yọ ọba kúrò nínú rẹ̀ kí ìtàn wa má bá a lọ.

Ẹ rántí pé àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, tí wọ́n ń pè ní Lùkùmí, wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ Áfíríkà ìlú náà ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní cabildo, wọ́n fi ìran pín in: ti Lùkùmí, ti Kóńgò, ti Arará tó wá láti Dàhòmì, ti Carabalí tó wá láti agbègbè Kàlàbá. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọba tirẹ̀, ayaba tirẹ̀ àti àsíá tirẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní, ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún tí òde ìlú jẹ́ tiwọn, wọ́n á yọ pẹ̀lú ìlù, ọba ẹgbẹ́ á ṣíwájú, òmíràn nínú wọn á wọ aṣọ ológun tó ti gbó pẹ̀lú idà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn mìíràn á ró ìko. Wọ́n á forí lé ààfin gómìnà àgbà tí Sípéènì rán wá, ní Plaza de Armas, wọ́n á jó nínú àgbàlá rẹ̀, wọ́n á gba owó ọdún, kí wọ́n tó ti ibẹ̀ lọ sí òpópónà. Àpò irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń sin òkú ara wọn, tí wọ́n fi ń tọ́jú aláìsàn, ìgbà mìíràn wọ́n á fi ra ẹnìkan padà kúrò lóko ẹrú. Àárín àwọn ọdún 1880 ni ìjọba fòpin sí ìjáde ọjọ́ náà, nígbà tí oko ẹrú fúnra rẹ̀ ń parí lọ. 1886 ni wọ́n fagi lé e pátápátá. Ẹrú tó fi ọjọ́ kan lọ́dún rìn lẹ́yìn ọba tirẹ̀ lójú àwọn tó rà á: bí a bá kọ "amòye" síbẹ̀, a ti gba ọba yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. "Ọjọ́ Àwọn Ọba" ni kí a kọ.

Lójú ìwé kan náà, a rí "èṣù kéékèèké". Diablito ni àwọn òyìnbó Sípéènì kọ nípa àwọn abojúbora Abakuá, ẹgbẹ́ awo àwọn ọkùnrin ní Kúbà, tó ń jáde lọ́jọ́ náà. Àwọn tó ni wọ́n ń pè wọ́n ní íreme. Èṣù kọ́, eégún Yorùbá náà kọ́, ìran Carabalí ló ni wọ́n. Ẹ jẹ́ ká kọ íreme, ká sì ṣàlàyé rẹ̀ ní gbólóhùn kan.

Etiópíà: ẹ má ṣe pe ọjọ́ 7 oṣù kìíní ní "Kérésìmesì kejì". Òun ni àkọ́kọ́ tiwọn, òun náà ni ìkẹyìn. Ọjọ́ 29 oṣù Tahsas ló bọ́ sí nínú kàlẹ́ńdà wọn, lẹ́yìn ààwẹ̀ ọjọ́ 43 tí wọn kì í jẹ ẹran, ẹyin tàbí wàrà. Genna ni wọ́n ń pè é, orúkọ yẹn náà ni eré tí wọ́n ń fi igi kọdọrọ gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà. Mo rí i pé a kọ ọ́ ní "Gánà" níbì kan. Ẹ tún un ṣe, kí ọmọ má rò pé Accra là ń sọ. "Gẹ́nà" dára.

Ti Filipíìnì yá kíákíá. Simbang Gabi tí wọ́n ń ṣe láago mẹ́rin òwúrọ̀ láti ọjọ́ 16 sí ọjọ́ 24 oṣù kejìlá, "ìsìn ìdájí" ni kí a pè é. Bí a bá kọ "àìsùn", àwọn òǹkàwé wa á rò pé wọn kì í sùn mọ́jú.

Ó ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Ní Pólándì, ní alẹ́ ọjọ́ 24, wọn kì í fọwọ́ kan oúnjẹ méjìlá tó wà lórí tábìlì títí wọn yóò fi pín opłatek. Pẹlẹbẹ funfun ni, ó fẹ́lẹ́ bíi bébà, ìyẹ̀fun àti omi ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì tẹ àwòrán ìbí Jésù sí i lára. Olúkúlùkù á kán díẹ̀ lára ti ẹnìkejì, á sì ṣàdúrà fún un. Ìwé wa kọ "ara Olúwa", èyí tí àwọn ará Àgùdà nínú wa kò ní gbà, nítorí pé kò tíì gba ìyàsímímọ́ orí pẹpẹ. Mo fẹ́ kọ "àkàrà aláìwú", àmọ́ ó jọ pé ọ̀rọ̀ Ìrékọjá ni yóò gbé wá sí ọkàn òǹkàwé. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó fi ránṣẹ́.