Oyè ijó ní Amẹ́ríkà: ṣé owó tó ń wọlé ni kí n wò, tàbí gbèsè?

Olùbéèrè, Adó-Èkìtì:
Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn mọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga méjì ní Amẹ́ríkà ti gba ọmọbìnrin mi wọlé láti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ijó, láti ìgbà náà ni àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ sì ti sọ mí di ẹni àmúsọ. Níbi ìsìnkú ìyá wọn, lójú gbogbo àwọn tó jókòó ti iyán, ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá alárìnjó ni mo fẹ́ fi ọmọ wọn ṣe, ní Èkìtì yìí, níbi tí gbogbo ilé ti ń fi ọ̀jọ̀gbọ́n yangàn. Wọn kò mọ̀ pé kí n tó jí ni ọmọ náà ti ń jí, pé sìmẹ́ńtì pálọ̀ wa ti bó àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ débi pé ó ní láti fi báńdéèjì wé e kó tó bẹ̀rẹ̀ ijó.

Mo wo College Scorecard, ojú òpó ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba Amẹ́ríkà. Owó tó ń wọlé fún àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ ijó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ kìíní ju ti ìkejì lọ, ṣùgbọ́n gbèsè ọrùn wọn náà pọ̀ jù. Èwo ni kí n mú?

Ìyá Ìbejì, Ìkéré:
Ẹ kú ìdààmú, ìyá wa. Eré oníṣe ni èmi náà kà, wọ́n sì fi mí ṣe ẹlẹ́yà bẹ́ẹ̀ ní ilé ọkọ. Lónìí, owó tí mo ń rí nínú kíkọ́ àwọn ọmọdé ní ijó fún ayẹyẹ ìparí ọdún ilé-ìwé wọn ju owó oṣù tí wọ́n fi lọ̀ mí ní ilé-ìwé aládàáni lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ.

Ọmọ Ọyẹ́:
Ẹ má tan ara yín jẹ. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọyẹ́ níbí, wọ́n sì ń kọ́ni ní eré orí ìtàgé. Owó ẹ̀yáwó NELFUND, ètò tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, kò ní èlé, wọ́n ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ tààrà, wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ₦20,000 lóṣù fún owó oúnjẹ, ó sì di ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnrú ìlú kí wọ́n tó béèrè rẹ̀. Kí ni ẹ ń fi gbèsè dọ́là ṣe lórí ijó?

Bàbá Tísà, Ìkọ̀lé:
Ọmọ Ọyẹ́, ẹ má fi ijó ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ọdún 1926 ni Yunifásítì Wisconsin ti ní ẹ̀kọ́ ijó tó ń gboyè, iṣẹ́ Margaret H'Doubler, olùkọ́ kan níbẹ̀, sì ni.

Ìyá wa, ẹ fara balẹ̀ ka ohun tí ẹ rí. Àwọn tó gba ìrànwọ́ owó ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ nìkan ni wọ́n kà. Wọ́n tò wọ́n láti orí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù dé orí ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù, wọ́n sì mú ẹni tó wà láàárín gan-an. Gbogbo iṣẹ́ ni owó náà sì ti wá: ẹni tó ń gbé àwo ní ilé oúnjẹ wà nínú rẹ̀ bí ẹni tó ń jó lórí ìtàgé ṣe wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní New York lè gba owó tó ga, kí owó ilé sì gbé e lọ. Ní ti gbèsè, wọn kò ka èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ yá lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni rárá. Ta ni yóò yá owó tiyín? Ṣé ọmọ ìlú Amẹ́ríkà ni ọmọ náà?

Olùbéèrè:
Ọmọ Ọyẹ́, n kò béèrè ilé-ẹ̀kọ́ Nàìjíríà. Ijó gan-an ni ọmọ mi fẹ́ gboyè nínú rẹ̀.

Bàbá Tísà, ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ni yóò yá wa lówó, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston ni yóò sì ṣe oníduró. Ọ̀la ni yóò fọwọ́ sí ìwé náà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo bí ọmọ yìí sí kí a tó padà wálé.

Ọmọ Ọyẹ́:
Kí ló dé tí ẹ kò ti sọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀?

Bàbá Tísà, Ìkọ̀lé:
Ẹ pè é lálẹ́ yìí, kó má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Bí wọ́n bá bí ọmọ náà síbẹ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀, kó kọ́kọ́ kọ ìwé FAFSA, ìwé tí wọ́n fi ń béèrè ìrànwọ́ náà. Owó oṣù wa níbí, bí a bá ṣẹ́ ẹ sí dọ́là, kéré débi pé ó ṣeé ṣe kó rí Pell Grant, ìrànwọ́ owó ìjọba àpapọ̀ tí kì í ṣe ẹ̀yáwó. Iye tó ga jù lọ nínú rẹ̀ fún ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025 jẹ́ $7,395. Owó tí akẹ́kọ̀ọ́ tí òbí ṣì ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ lè yá lọ́wọ́ ìjọba kò ju $5,500 lọ́dún kìíní àti $31,000 lápapọ̀ lọ, wọ́n sì ní ètò tó ń wo iye tó ń wọlé fún un kí wọ́n tó sọ iye tí yóò máa san. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, bí ọmọ kò bá sì rí i san, ọrùn ẹ̀gbọ́n yín ni yóò bọ́ sí. Gbèsè tí ẹ rí lójú òpó yẹn kì í ṣe irú èyí tí ẹ fẹ́ jẹ, nítorí náà kò lè tọ́ yín sọ́nà.

Ẹ kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì, kí wọ́n sọ iye tí yóò kù lẹ́yìn gbogbo ìrànwọ́. Èyí tí àṣẹ́kù rẹ̀ bá kéré ni kó lọ.

Olùbéèrè:
N kò sọ ọ́ torí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń fi ìwé ìrìnnà ọmọ yangàn. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi, kò ní tíì fọwọ́ sí ìwé náà. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò gbé pẹ̀lú wa mọ́, a ti kọ ara wa sílẹ̀ ní kóòtù. Owó ta ni kí a kọ?

Bàbá Tísà, Ìkọ̀lé:
Ti ẹni tó náwó jù lórí ọmọ láàárín oṣù 12 tó kọjá. Bí ẹ̀yin bá ni, owó oṣù tiyín ni kí ẹ kọ, ẹ má fi tirẹ̀ kún un.