Bí a ṣe lè mọ bí ojú omi Lanier ṣe rí kí a tó kúrò nílé

Ọmọ Ìjẹ̀bú Atlanta:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Láti ọdún tó kọjá ni àwọn ọmọ mi méjèèjì ti kúndùn síkì orí omi, ìyẹn eré tí ọkọ̀ máa ń fi okùn wọ́ ènìyàn lórí pákó. Gúúsù Atlanta ni a ń gbé, ó sì máa ń gbà wá ju wákàtí kan lọ kí a tó wọ́ ọkọ̀ dé adágún Lanier, ní ìpínlẹ̀ Georgia níhìn-ín ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, áàpù orí fóònù mi sọ pé oòrùn yóò ràn, òjò kò sì ní rọ̀. Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n nígbà tí a dé etí omi, ìgbì ń ru débi pé àgbà nínú àwọn ọmọ náà ṣubú nígbà mẹ́rin láìtíì nàró. A ká okùn wa, a padà sílé. Kí ni ẹ̀yin máa ń yẹ̀ wò láti ilé?

Awakọ̀ Gainesville:
Ẹ kú ìrìn o. Ojú ọ̀run ni áàpù yín ròyìn rẹ̀ fún yín, ẹ kò béèrè afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ewé National Weather Service, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, ni èmi máa ń ṣí, nítorí pé mo lè fi ìka tẹ orí omi gan-an nínú àwòrán ilẹ̀ ibẹ̀ dípò kí n gba àsọtẹ́lẹ̀ ti ìlú Atlanta, wọ́n sì máa ń fi ìyára afẹ́fẹ́ hàn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá ju máìlì 5 ní wákàtí kan lọ, mo ti mọ̀ pé omi yóò tẹ́jú. Láàárín máìlì 8 sí 12, orí ìgbì a bẹ̀rẹ̀ sí í hó funfun, kí ọmọdé má tilẹ̀ gun pákó nígbà náà. Ẹ wo iye ẹ̀fúùfù òjijì pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́.

Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wá ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Adágún yìí ní apá odò Chattahoochee àti apá odò Chestatee, pẹ̀lú àìmọye kọ̀rọ̀ tí igi yí ká. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ gba gbalasa omi tó gùn kọjá, ìgbì a rí àyè dàgbà, ṣùgbọ́n kọ̀rọ̀ tí òkè bá dí afẹ́fẹ́ náà mọ́ lè pa rọ́rọ́ ní wákàtí kan náà. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń gbé àwòrán ilẹ̀ kalẹ̀, tí mo sì ń yan ibi tí a óò ti sọ ọkọ̀ sómi.

Ohun kan wà tí àsọtẹ́lẹ̀ kankan kò lè sọ: iye ọkọ̀ tí yóò wà lórí omi. Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta ìgbà ooru, ìgbì tí ọkọ̀ ńláńlá ń dá sílẹ̀ a máa ju ti afẹ́fẹ́ lọ. Bí èbúté tí ẹ ń lò bá ní kámẹ́rà tó kọjú sí omi, ẹ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní tiwa, aago méje àárọ̀ kì í lù bá wa nílẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ ẹ má gbàgbé ohun tó wà nísàlẹ̀. Ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn ti ń gbé, tí wọ́n sì ti ń dáko, ni omi ìdídò Buford, èyí tó dá adágún yìí sílẹ̀, bò mọ́lẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Bí adágún náà bá kún dáadáa nígbà ooru, ojú omi máa ń wà ní ẹsẹ̀ bàtà 1,071 lókè ìpele òkun, U.S. Army Corps of Engineers, ẹ̀ka ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ìdídò náà, sì máa ń gbé ìwọ̀n ojoojúmọ́ síta. Nígbà ọ̀dá, ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, ó lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí 1,051. Bí mo bá rí i pé omi ti fi ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún dín, n kì í gba ọ̀nà àtijọ́ mọ́, nítorí pé òkìtì ilẹ̀ àti kùkùté tí a ti ń gba orí wọn kọjá láìfura lè ti súnmọ́ ojú omi. (Ìkéde nípa omi tí wọ́n fẹ́ tú sílẹ̀ láti ìdídò kò kan yín, odò tó wà nísàlẹ̀ ìdídò ni ó wà fún.)

Ní ti àrá, ọ̀sán ni ó sábà máa ń sán níhìn-ín nígbà ooru. Mo máa ń wo rédà, àwòrán tó ń fi ibi tí òjò wà hàn, kí n tó jáde, mo sì tún máa ń wò ó ní etí omi. Bí a bá gbọ́ àrá, a ó gòkè, ó sì di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn èyí tó sán kẹ́yìn kí a tó padà.

Ará Ìkòyí:
Ẹ̀yin ń jayé o. Lórí ọ̀sà Èkó níbí, áàpù máa ń sọ ti afẹ́fẹ́ àti àkókò tí omi òkun ń kún tàbí tó ń fà, ṣùgbọ́n kò ní sọ ti koríko omi tó máa ń léfòó wá láti inú àwọn odò lẹ́yìn òjò, tó sì ń bo ojú ọ̀sà títí iyọ̀ òkun yóò fi pa á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Awakọ̀ tó sùn sí etí omi ni mo máa ń pè ní ìdájí. Bí ó bá ní koríko ti dí ọ̀nà, mo padà sórí ibùsùn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Atlanta:
Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo ti lọ wo àkọsílẹ̀ afẹ́fẹ́ ti Àbámẹ́ta náà: máìlì 11 ni, ẹ̀fúùfù òjijì rẹ̀ sì dé 18, a sì tún lọ sọ ọkọ̀ sí gbalasa tí kò ní ààbò kankan. Fún ọ̀la, wọ́n ní máìlì 4 láti ìwọ̀-oòrùn ní aago méje àárọ̀. Mo ti so ọkọ̀ mọ́ mọ́tò; àwọn ọmọ ni ó kù tí n óò jí.