Ilé pákó n'Ìbàdàn: ibo ni kí owó pọ̀ sí, ògiri tàbí òrùlé?

Ará Akóbọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ kọ́ ilé pákó oníyàrá mẹ́ta sí Akóbọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Jámánì ní kí n ṣe ògiri rẹ̀ ní ìpele méjì, kí n sì ki nǹkan tí kì í jẹ́ kí ooru kọjá sáàárín, nítorí bẹ́ẹ̀ ni owó tí àwọn fi ń mú ilé móoru ṣe wálẹ̀. Owó ìkọ́lé yóò ga, ṣùgbọ́n owó iná tí ẹ̀rọ amúlétutù yóò máa jẹ ń bà mí lẹ́rù. Èwo ni kí n ṣe?

Ayàwòrán-ilé:
Ẹ kú ìnáwó o, ilé á tura. Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n yín sọ fún ibi tí wọ́n wà. Ìlú Darmstadt níbẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti kó wọ ilé Passivhaus (ilé tí iná díẹ̀ tó láti mú móoru) àkọ́kọ́ ní 1991, ìlànà rẹ̀ sì ni pé iná tí a ó fi mú ilé móoru kò gbọdọ̀ ju 15 kWh lọ lọ́dún fún mítà kan níbùú lóròó. Ooru inú ilé ni wọ́n ń há mọ́lé lọ́hùn-ún. Ooru òde ni àwa ń lé, kódà bí ọyẹ́ bá dé, aṣọ ìbora ti tó wa.

Òkè orí ni oòrùn Ìbàdàn máa ń wà lọ́sàn-án, nítorí náà òrùlé ni ooru ń gbà wọlé jù. Ẹ fọwọ́ kan sílíìnì tó wà lábẹ́ páànù lásán ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, ẹ ó gbà mí gbọ́. Pákó kì í gbé ooru kọjá tó búlọ́ọ̀kù, kì í sì í tọ́jú ooru ọ̀sán pamọ́ bí búlọ́ọ̀kù ti ń ṣe, tí yàrá fi ń móoru lóru nígbà tí iná bá lọ. Owó tí ẹ fẹ́ fi mú ògiri nípọn, ẹ fi ra nǹkan tí kì í jẹ́ kí ooru kọjá, tí ẹ ó tẹ́ sórí sílíìnì, kí ẹ sì fi ihò sílẹ̀ fún atẹ́gùn lábẹ́ páànù. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ ilé tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù. Èyí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ lọ wo àwọn ilé tí Maxwell Fry àti Jane Drew, àwọn ayàwòrán-ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yàwòrán rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn: tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, kí atẹ́gùn lè gba inú yàrá já.

Oníṣòwò pákó, Bódìjà:
Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ ikán. Ẹ gbé ilé náà kúrò nílẹ̀ lórí òpó kọnkéré. Ẹ má sì fi pákó tútù kàn án: bí ó bá gbẹ lára ògiri, yóò súnkì, àlàfo yóò ṣí, atẹ́gùn tútù tí ẹ fowó iná rà yóò sì máa gba ibẹ̀ jáde. Ẹ gbé pákó méjì tí igi wọn jẹ́ ọ̀kan náà, tí gígùn, ìbú àti nínípọn wọn sì dọ́gba, lọ́wọ́. Èyí tó wúwo jù, omi ṣì wà nínú rẹ̀.

Ará Akóbọ̀:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ìrókò ti wọ́n jù. Ṣé mo lè lo àfàrà?

Oníṣòwò pákó, Bódìjà:
Ẹ lè lò ó fún inú ilé àti sílíìnì. Èyí tó bá súnmọ́ ilẹ̀ àti èyí tí òjò ń lù, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìrókò tàbí apá. Àfàrà kì í pẹ́ níbẹ̀.