Búlọ́ọ̀gì ilé wa ti sùn láti ọdún 2016: báwo ni a ṣe lè jí i?

Àdùkẹ́_Ìlá béèrè:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Búlọ́ọ̀gì kan wà tí a fi ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa: ọbẹ̀ tí a sè, ọ̀rọ̀ tí ọmọ sọ, ìgbà tí eyín kọ́kọ́ yọ, iye tí wọ́n ń ta gáàrì. Orí Blogger, ilé búlọ́ọ̀gì ti Google, ló wà. Àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ tó 140, èyí tó kẹ́yìn sì jẹ́ ti ọdún 2016. Láti ìgbà náà, WhatsApp ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Tí a bá wá nǹkan ọdún méjì sẹ́yìn níbẹ̀, a kì í rí i mọ́.

Mo fẹ́ padà sídìí rẹ̀. Kí ló yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe sí ti àtijọ́? Báwo ni ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, tó sì ní ọmọ méjì (ọdún 9 àti 4), ṣe lè máa kọ ọ́ tí kò fi ní tún dáwọ́ dúró? Yorùbá tó ní àmì ni mo fẹ́ fi kọ ọ́, fóònù Android ni mo ní. Ìyá mi ní Ìlá àti àbúrò mi ní Peckham ni mo fẹ́ kí wọ́n máa kà á, kì í ṣe gbogbo ayé.

Atẹ̀wé_Mókọ́lá:

Ẹ káàbọ̀ o, Àdùkẹ́. Ẹ má tíì kọ nǹkan kan. Àkàǹtì Google tó ni búlọ́ọ̀gì náà ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀, lónìí bó bá ṣeé ṣe. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni òfin Google ti gbà pé kí wọ́n pa àkàǹtì tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ fún ọdún 2 gbáko rẹ́.

Bí ẹ bá wọlé, ẹ yẹ nọ́ḿbà fóònù tí kóòdù ń lọ sí wò. Ibẹ̀ ni ewu wà jù ní Nàìjíríà: síìmù ìgbà náà ti sọnù, tàbí wọ́n ti tì í nítorí NIN, tàbí ilé iṣẹ́ fóònù ti ta nọ́ḿbà náà fún ẹlòmíràn. Ẹ fi nọ́ḿbà tí ẹ ń lò báyìí rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì fi ímeèlì kejì kún un.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Settings nínú Blogger, ẹ wá “Manage blog”, ẹ tẹ “Back up content”. Fáìlì ẹ̀dà búlọ́ọ̀gì ló máa jáde níbẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ àti èsì àwọn èèyàn wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjápọ̀ lásán ni ti àwòrán, fọ́tò gan-an kò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò pé àwọn ti kó gbogbo ẹrù, ọjọ́ tí búlọ́ọ̀gì bá parẹ́ ni wọ́n tó mọ̀ pé fọ́tò ò bá wọn dé. Nítorí náà, ẹ ṣí àwọn àkọsílẹ̀ náà, ẹ fi fọ́tò inú wọn pamọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá ń ṣe mẹ́wàá lálẹ́, 140 máa parí ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ fi ọdún àti oṣù sọ fáìlì lórúkọ, bíi 2014-03-eyin.jpg, nítorí pé IMG_0457 kò ní sọ nǹkan kan fún ẹni tó bá rí i lẹ́yìn ọ̀la. Kí ẹ̀dà kan wà lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, kí òmíràn wà lórí fláàṣì tó wà nílé ẹlòmíràn.

Àkọsílẹ̀ àtijọ́ tí fọ́tò rẹ̀ kò bá hàn mọ́, ẹ lẹ àdírẹ́sì rẹ̀ mọ́ web.archive.org. Nígbà míràn ẹ̀dà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn kan máa ní kí ẹ kó lọ sí WordPress, ilé búlọ́ọ̀gì mìíràn. Èmi ò fara mọ́ ọn. Kíkó ilé búlọ́ọ̀gì máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọ̀ àti àkọlé ni èèyàn máa ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà yẹ̀ wò, nígbà tó bá fi parí, ìfẹ́ àtikọ̀wé ti tutù. Ẹ dúró síbi tí ẹ wà. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ ní láti tún ṣe ni “Time zone” ní Settings: ẹ mú Lagos. Bó bá wà lórí aago ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà (Pacific Time), ohun tí ẹ kọ ní aago méje àárọ̀ máa gba déètì àná.

Ìyá_Dérìcà:

Ti kíkọ déédéé ni mo fẹ́ sọ. Ìwọ̀n àkọsílẹ̀ ló ń pa búlọ́ọ̀gì ilé ju àìráyè lọ. Ẹni tó bá fi 800 ọ̀rọ̀ àti fọ́tò mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ máa dúró de ọjọ́ ńlá, ọjọ́ ìbí tàbí Iléyá, ọjọ́ ńlá kò sì pọ̀ lọ́dún.

Ẹ ra ìwé olójú-ewé 40, ẹ so bírò mọ́ ọn, ẹ gbé e kọ́ ilé ìdáná. Lálẹ́, tí ẹ bá fọ abọ́ tán, ẹ kọ déètì àti gbólóhùn kan péré. Kí ó jẹ́ ìwé, kó má jẹ́ fóònù, nítorí bí ọwọ́ bá kan fóònù ní àkókò yẹn, ojú máa kan ìfiránṣẹ́ 37 tí ẹ kò tíì kà, alẹ́ ti lọ nìyẹn. Ní àárọ̀ Sátidé, ẹ ka gbólóhùn méje náà, ẹ mú ọ̀kan, ẹ fẹ̀ ẹ́ dé 100 sí 150 ọ̀rọ̀, ẹ gbé e sórí búlọ́ọ̀gì. Ìdajì wákàtí ti tó. Mẹ́fà yòókù, ẹ tò wọ́n sísàlẹ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, ẹ má tún wọn ṣe.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá láìkọ, ẹ má tọrọ àforíjì lórí búlọ́ọ̀gì, ẹ má sì sọ pé ẹ fẹ́ dí àlàfo náà. Àlàfo ò ṣe nǹkan kan fún ẹni tó ń kà. Gbèsè àkọsílẹ̀ tí ẹ rù sórí ló máa lé yín sá. Ẹ kọ déètì òní, kí ẹ máa lọ.

Nípa ohun tí ẹ máa kọ: iye àti ìwọ̀n. “Ọjà wọ́n lónìí” kò ní wúlò fún ọmọ yín ní ọdún ogún sí i. Ẹ kọ iye náà ní náírà, ẹ kọ orúkọ ọjà, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, nítorí kọ́ńgò ìlú kan kì í bá ti ìlú kejì dọ́gba, mọ́dù sì tún yàtọ̀. Dérìcà náà, ẹ ṣàlàyé pé agolo tòmátì ni, torí ọmọ tó máa ka ìwé yìí lè má rí i rí.

Ọ̀rọ̀ ọmọ, ẹ kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe tẹnu rẹ̀ jáde, pẹ̀lú àṣìṣe àti Gẹ̀ẹ́sì tó dà pọ̀ mọ́ ọn. “Ó pa wá lẹ́rìn-ín” kò gbé nǹkan kan dúró. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọdún 4 bá ní “òjò ń fọ fèrèsé wa”, ẹ kọ gbólóhùn náà, ẹ kọ ẹni tó wà níbẹ̀, kí ẹ dákẹ́.

Ẹni tó bá rò pé irú nǹkan kéékèèké báyìí kò níyì, kó rántí Akinpelu Obisesan ará Ìbàdàn, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́. Owó, gbèsè àti ìdààmú ilé wà nínú rẹ̀. Ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn ni ìwé náà wà lónìí, àwọn onímọ̀ ìtàn sì ń fi í mọ bí ayé ṣe rí ní Ìbàdàn nígbà náà.

Olùkọ́_Àmì:

Lórí Gboard, pátákó ìtẹ̀wé Google fún fóònù: ẹ tẹ àmì jíà, “Languages”, “Add keyboard”, ẹ wá Yorùbá. Tí ẹ bá tẹ lẹ́tà “e” mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹ máa rí “ẹ”, “é” àti “è”. Bẹ́ẹ̀ náà ni o àti s.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣì í nìyí. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ḿbà, é, à, ń àti ǹ ní nọ́ḿbà tiwọn. Èyí tó ní àmì abẹ́ nìkan, “ẹ”, náà ní tirẹ̀, U+1EB9. Ṣùgbọ́n ẹ́ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ kò ní nọ́ḿbà kan ṣoṣo: “ẹ” ni a máa kọ ná, kí a tó fi àmì ohùn U+0301 lé e lórí. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé tí ẹ bá pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àmì nìkan lè lọ kí “ẹ” ṣì wà. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé àmì máa ń ṣí kúrò lórí lẹ́tà nínú fọ́ǹtì tí wọn kò ṣe fún èdè wa. Noto Sans, Noto Serif àti Gentium gbé e dáadáa. Ẹ fi gbólóhùn yìí dán fọ́ǹtì yín wò: “Ẹ̀gbọ́n ṣe ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ní Ọ̀ṣun.” Bí àpótí òfìfo bá yọ, tàbí tí àmì bá bọ́ sórí lẹ́tà kejì, ẹ pààrọ̀ fọ́ǹtì.

Àmì abẹ́ méjì ló wà: tó-tó-tó, ìyẹn ẹ, àti ìlà òòró, e̩. Lójú wa ọ̀kan ni wọ́n, lójú kọ̀ǹpútà wọn kì í ṣe ọ̀kan. Bí ẹ bá kọ “ọmọ” lọ́nà méjèèjì, ẹ máa wá a, ìdajì rẹ̀ kò ní jáde. Ẹ mú tó-tó-tó, kí ẹ má yí i padà. Àkórí, tí Blogger ń pè ní “Labels”, náà ń fẹ́ ìṣọ́ra: “oúnjẹ” àti “ounjẹ” máa di àkórí méjì.

Kí ẹ tó tẹ “Publish”, ẹ ṣí “Permalink”, ẹ mú “Custom”, kí ẹ kọ ọ́ láìsí àmì, bíi obe-egusi. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, Blogger máa yọ àwọn lẹ́tà wa kúrò nínú àdírẹ́sì, ohun tó máa ṣẹ́ kù kò ní ní ìtumọ̀.

Ọmọ_Òṣogbo:

Nítorí àwọn ọmọ, ẹ ti búlọ́ọ̀gì náà. Settings, “Reader access”, “Custom readers”: ẹ lè pe èèyàn tó tó 100 pẹ̀lú ímeèlì wọn. Àwọn kan máa ń pa “Visible to search engines” nìkan, wọ́n á sì sùn. Ìyẹn kàn ń bẹ àwọn ẹ̀rọ ìwárí pé kí wọ́n má wọlé ni, ẹnikẹ́ni tó bá ní àdírẹ́sì máa kà á.

Síbẹ̀, ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé ó lè jáde. Ẹ pe àwọn ọmọ ní Àkọ́bí àti Àbúrò. Ẹ má jẹ́ kí aṣọ ilé ìwé, ẹnu géètì tàbí nọ́ḿbà mọ́tò hàn nínú fọ́tò. Ìrìn-àjò, ẹ gbé e sórí búlọ́ọ̀gì lẹ́yìn tí ẹ bá ti padà délé. Ìwẹ̀, àìsàn àti èsì ìdánwò kì í ṣe ti búlọ́ọ̀gì. Ọmọ ọdún 9 ti mọ ìtìjú: ẹ ka ohun tí ẹ kọ nípa rẹ̀ sí i létí kí ó tó jáde, bó bá ní rárá, ẹ yọ ọ́.

Fọ́tò fóònù máa ń gbé ibi tí a ti yà á sínú. Ẹ pa “Location” nínú ètò kámẹ́rà. Kí ẹ sì dín fífẹ̀ fọ́tò kù sí nǹkan bíi 1280 píksẹ́lì. Èyí tó jẹ́ MB 4 máa di KB 200 tàbí kó lé díẹ̀, dátà màmá á sì lè gbé e.

Àdùkẹ́_Ìlá:

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á san án fún yín. Ìyá mi ò ní ímeèlì, àbúrò mi sì ń fi Feedly, ètò tó ń kó àkọsílẹ̀ tuntun inú búlọ́ọ̀gì jọ, ka nǹkan. Bí mo bá tì í ńkọ́?

Ọmọ_Òṣogbo:

Búlọ́ọ̀gì tí a bá ti tì kò ní fíìdì mọ́, ìyẹn ọ̀nà tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ń gbà rí àkọsílẹ̀ tuntun, nítorí náà Feedly kò ní rí i. Ẹ fi ímeèlì pe àbúrò yín, kó máa wọlé fúnra rẹ̀ ní Sátidé. Ti màmá, ẹ ṣí àkọsílẹ̀ nínú Chrome, àmì tó-tó mẹ́ta, “Share”, “Print”, “Save as PDF”. Ẹ mú ìwọ̀n A5 dípò A4 kí lẹ́tà lè tóbi lójú fóònù, kí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Atẹ̀wé_Mókọ́lá:

Ó ku ẹyọ kan. Ní Settings, “Permissions”, ẹ pe ẹnì kejì nínú ilé wá gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé, kí ẹ wá sọ ọ́ di “Admin”. Bí fóònù ẹnì kan bá sọnù, kọ́kọ́rọ́ kejì á wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.