Ọjà ríra ní Florence: ẹni tó bá ti débẹ̀ kó wá sọ tiẹ̀

OníBáàgì:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́ o. Torí pé ọ̀pọ̀ yín ló máa ń bi mí nípa báàgì aláwọ Florence ní Ítálì, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń lọ níbẹ̀ kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín. Ọjà San Lorenzo ni gbogbo ayé mọ̀. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì San Lorenzo gan-an ni ọ̀pọ̀ ìsọ̀ yẹn wà tẹ́lẹ̀, ìjọba ìlú kó wọn kúrò níbẹ̀ lọ́dún 2014, àdúgbò Via dell'Ariento àti ẹ̀gbẹ́ ilé ọjà ńlá tí wọ́n ń pè ní Mercato Centrale ni ẹ ó ti bá wọn báyìí. Bẹ́ẹ bá ti wọ àárín wọn, òórùn awọ ló máa kọ́kọ́ kí yín. Bẹ́líìtì, jákẹ́ẹ̀tì, pọ́ọ̀sì, báàgì, wọ́n so ó rọ̀ dókè, èèyàn ò ní rí ọ̀nà dáadáa.

Àwọn tó ń tajà níbẹ̀ á ti pè yín kẹ́ ẹ tó yíjú wò wọ́n. Ọ̀kan pe báàgì pélébé kan fún mi ní 120 yúrò, mo ní 50, ó gbọ́wọ́ láyà bíi pé mo fẹ́ pa á, ló bá yọ láítà lápò ó ń fi iná jó ara báàgì yẹn, pé kí n wò ó, awọ gidi ni, kò lè jó. Mi ò tiẹ̀ wo iná yẹn jàre. Mo dojú báàgì dé, mo wá ibi tí wọ́n ti gé awọ lábẹ́ okùn ẹ̀. Awọ gidi, ojú ibi tí wọ́n ti gé e máa ń ní fọ́nrán wúruwùru, kì í dán, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ rọ́bà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ aṣọ, ẹ máa rí aṣọ lọ́tọ̀, rọ́bà lọ́tọ̀. Tiẹ̀ dáa, n ò lè purọ́ mọ́ ọn. Mo wá ṣe bí ẹni tó ń lọ, mi ò tíì kọjá ìsọ̀ kejì tó ti ń pariwo 90, 80, a parí ẹ̀ sí 70, ó tún bá mi ṣe gáfárà.

Tí wọ́n bá sì tẹ "vera pelle" mọ́ nǹkan lára, ohun tí wọ́n ń sọ ò ju pé awọ ni lọ, kò ní kó jẹ́ Ítálì ni wọ́n ti rán an o.

Èmi rò pé Scuola del Cuoio, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ awọ tí wọ́n ti ń tajà náà, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Santa Croce, ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ lọ. Àwọn àlùfáà Franciscan àti ìdílé oníṣẹ́ awọ méjì ló dá a sílẹ̀ lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì kí àwọn ọmọ tí ogun sọ di aláìlóbìí lè rí iṣẹ́ ọwọ́ kọ́. Iye tí wọ́n bá kọ sí i lẹ máa san, ó sì wọ́n, ṣùgbọ́n ojú yín á ti mọ iṣẹ́ tó dáa kẹ́ ẹ tó lọ bá àwọn oníláítà.

ÌyáOlóúnjẹ:
Ẹ fi báàgì sílẹ̀, oúnjẹ ńkọ́? Inú Mercato Centrale yẹn gan-an ni mo lọ ní tèmi. Irin àti gíláàsì ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n ṣí i lọ́dún 1874, Giuseppe Mengoni, ayàwòrán ilé tó ya Galleria, ilé ìtajà ńlá tó wà ní Milan, ló ya òun náà. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ilé oúnjẹ ìgbàlódé ni, àwọn tó wá ṣe fàájì ló kún bẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró sí. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bá ṣàkì níbẹ̀! Ṣàkì funfun nini, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti bọ̀ ọ́, wọ́n tò ó sórí yìnyín, àwọn òyìnbó kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń yímú, èmi ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n tún ní èyí tí wọ́n ń pè ní lampredotto, agbẹ̀du kẹrin màlúù ni, wọ́n á sè é pẹ̀lú tòmátì àti àlùbọ́sà títí tó fi rọ̀, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́ sínú búrẹ́dì, wọ́n á ti ojú búrẹ́dì bọ omi ẹran yẹn, kí wọ́n tó wá fi ọbẹ̀ eléwé àti ata sí i. Ìsọ̀ Nerbone nínú ọjà yẹn ni wọ́n ti ń tà á, ìlà ibẹ̀ gùn ṣùgbọ́n ó ń rìn. Ata wọn ò ta o, ẹ má retí nǹkan kan.

Àwọn aráàlú gan-an, ọjà Sant'Ambrogio ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ra ẹ̀fọ́, wọ́n ń náwó níbẹ̀ láti 1873. Ibẹ̀ ò jọ San Lorenzo rárá, wọn kì í ná tòmátì. Ẹ má sì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Àǹtí mi tá a jọ lọ na ọwọ́ sí i báyìí, ìyá tó ń tajà ké "Signora!", ìyẹn màdáámù, gbogbo ọjà yíjú sí wa. Òun fúnra ẹ̀ ló máa ṣà á fún yín, ẹ kàn sọ bóyá òní lẹ fẹ́ jẹ ẹ́ tàbí ọ̀la, ó mọ èyí tó pọ́n dé ibi tẹ́ ẹ fẹ́. Àǹtí ò gbà, ó ṣì ń bẹ̀bẹ̀ kó yọ díẹ̀ ńbẹ̀, ìyá yẹn ò yọ kọ́bọ̀, àmọ́ nígbà tó fẹ́ di ọ̀rá náà, ó fa séléríì kan àti ewé parsley yọ, ó jù ú sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Inú àǹtí mi dùn, ó ní àwọn náà mọ èènì!

Ẹ tún ṣọ́ra nídìí wàràkàṣì. Tẹ́ ẹ bá rí 4 yúrò pẹ̀lú "l'etto", gíráàmù 100 ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe kílò.

ỌmọÌjẹ̀ṣà:
Ẹ ò tíì dé Mercato Nuovo? Ọjà olórùlé ni, wọ́n kọ́ ọ láàárín 1547 sí 1551, sílíìkì làwọn ọlọ́jà ń tà níbẹ̀ nígbà yẹn. Gbogbo èèyàn ló ń tò síbi ìmàdò onídẹ tí wọ́n ń pè ní Porcellino kí wọ́n lè fọwọ́ pa á nímú, imú yẹn ti ń dán bíi wúrà. Èmi ò bá tìyẹn lọ. Àárín ọjà gan-an ni mo lọ, òkúta róbótó kan wà nílẹ̀ ńbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń dójú ti oníṣòwò láyé àtijọ́ tó bá jẹ gbèsè tí ò lè san, wọ́n á bọ́ ṣòkòtò ẹ̀, wọ́n á sì máa fi ìdí ẹ̀ gbá òkúta yẹn lójú gbogbo ọjà. Òṣómàáló tiwa lọ́dọ̀ wa, ó kàn ń lóṣòó dúró de owó ẹ̀ ni, ẹ sì ń pè wá ní ìkà 😂

OníBáàgì:
Hahaha. Kí n tó gbàgbé, ẹ má ra báàgì olórúkọ ńlá lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ lójú títì. Òfin Ítálì mú ẹni tó ra ayédèrú náà, owó ìtanràn ẹ̀ lè dé 7,000 yúrò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti Nàìjíríà tàbí London, ọjà tó bá ti ju 70 yúrò lọ ní ṣọ́ọ̀bù kan, ẹ béèrè ìwé tax free tí wọ́n fi ń gba owó orí ọjà padà, ẹ mú pásípọ́ọ̀tù dání, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí kọ́sítọ́ọ̀mù buwọ́ lù ú kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ òfuurufú.

Ará Ìbàdàn:
Ẹ ṣé o. Sant'Ambrogio yẹn, ṣé mo lè lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú?

ÌyáOlóúnjẹ:
Wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Ọjọ́ mìíràn, ẹ tètè jí, tó bá ti di aago méjì ọ̀sán ọ̀pọ̀ wọn ti ń palẹ̀ mọ́ nìyẹn.